Sìpàgẹ́tì ọlọ́nà Jàpáànù: láti ilé oúnjẹ wọn dé ilé ìdáná Àkúrẹ́

Ní Jàpáànù, oríṣi sìpàgẹ́tì kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń sè títí á fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí wọ́n á gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó wá fi ketchup dín in. Ará Ítálì tó bá gbọ́ èyí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún, torí lọ́dọ̀ tiwọn, sìpàgẹ́tì tí kò bá le díẹ̀ lábẹ́ eyín ti bàjẹ́ nìyẹn. Ará Àkúrẹ́ tó ti jẹ sìpàgẹ́tì jọ̀lọ́ọ̀fù níbi ìnáwó kò ní rí nǹkan àjèjì kan níbẹ̀. Ta ló ń wá líle nínú èyí tí wọ́n ń bù fún wa lábẹ́ àtíbàbà? Nínú gbogbo oúnjẹ Jàpáànù, èyí ló súnmọ́ ìkòkò wa jù lójú tèmi. Kò sí ẹja tútù tí iná kò kàn nínú rẹ̀, kò sì di dandan kí èèyàn ránṣẹ́ sí Èkó kó tó rí ohun tó máa fi sè é.

Naporitan ni wọ́n ń pè é. Ara Naples, ìlú kan ní Ítálì, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Naples kò bá wọn mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù ni pé Hotel New Grand ní ìlú Yokohama ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí hòtẹ́ẹ̀lì yìí. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á, wọn kò sì dá a padà títí di 1952. Àwọn sójà yẹn a máa po sìpàgẹ́tì mọ́ ketchup, wọ́n á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Shigetada Irie, àgbà alásè ibẹ̀, wò ó pé eléyìí kò tó ohun tí à ń gbé fún àlejò. Ó wá fi tòmátò, aáyù, àlùbọ́sà, háàmù àti olú ṣe tirẹ̀. Àwọn ilé kọfí kéékèèké tí apá wọn kò ká tòmátò ló dá a padà sórí ketchup, èyí tí wọ́n ṣe yẹn ló sì gbilẹ̀.

Oríṣi kejì ni wọ́n ń pè ní wafu, ìyẹn ni pé ó jẹ́ ti Jàpáànù pọ́ńbélé. Sóyì sọ́ọ̀sì, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, àti bọ́tà ló dúró bí ọ̀pá àtìlẹyìn rẹ̀. Ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Kabe no Ana, ìyẹn "Ihò Ara Ògiri", tí wọ́n ṣí ní Tokyo ní 1953, ni wọ́n ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, oníbàárà kan ní kí wọ́n fi ẹyin ẹja olówó ńlá tó ń jẹ́ caviar bá òun po sìpàgẹ́tì. Ó dùn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ra caviar lójoojúmọ́? Wọ́n fi tarako rọ́pò rẹ̀, ẹyin ẹja oníyọ̀ tí àwọn ará Jàpáànù ń fi jẹ ìrẹsì látijọ́. Bí oúnjẹ náà ṣe di ti gbogbo ìlú nìyẹn.

Ní ilé oúnjẹ wọn

Ẹni tí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ bá gbé dé ọ̀hún kò ní pẹ́ rí ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀ka káàkiri: Saizeriya, Jolly-Pasta, Yomenya Goemon. Saizeriya dára fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ọ̀nà ti Ítálì ló ń tọ̀ jù. Tó bá jẹ́ wafu gan-an lẹ fẹ́, Goemon ni kí ẹ wọ̀. Àdúgbò Shibuya ní Tokyo ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Inú àwo amọ̀ dídán Arita ni wọ́n ń bu sìpàgẹ́tì sí, igi ìjẹun méjì ni wọ́n sì ń tò síwájú oníbàárà. Goemon yẹn, orúkọ ògbólógbòó olè kan ni, tí ìtàn sọ pé wọ́n sè láàyè nínú agbada ńlá ní 1594. Inú ìkòkò ràgàjì ni ilé oúnjẹ náà ti ń se sìpàgẹ́tì. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn láyà.

Oúnjẹ tí ẹ rí nínú dígí lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe oúnjẹ o. Ike ni wọ́n fi mọ ọ́n, kí ẹ lè mọ bí ohun tí ẹ fẹ́ rà ṣe rí. Tí ẹ bá wọlé, wọ́n á béèrè iye ẹ̀yin tí ẹ wá. Ẹ na ìka sókè, ó ti tó. Omi tútù ọ̀fẹ́ ni. Aṣọ ìnura kékeré tó tutù tí wọ́n gbé fún yín, ọwọ́ ni wọ́n ń fi nù, kì í ṣe ojú tàbí ọrùn. Ẹ má pariwo pe ẹnikẹ́ni láti òkèèrè: bọ́tìnnì wà lórí tábìlì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ibòmíràn sì rèé, tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pàṣẹ oúnjẹ, àwòrán oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀.

Ìwọ̀n oúnjẹ ni kí ẹ kíyè sí. Ẹni tó ti fi iyán kọ́ ikùn rẹ̀ láti kékeré yóò rí i pé àwo kan kò ju ìpanu lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń gbani ni oomori, ìyẹn "ẹ bù ú kún dáadáa". Wọ́n lè fi owó díẹ̀ lé e, ó sì sàn ju kí ẹ ra àwo méjì lọ. Owó orí ọjà lórí oúnjẹ tí ẹ jókòó jẹ níbẹ̀ jẹ́ 10%, tí ẹ bá gbé e lọ sílé ó di 8%. Láti oṣù kẹwàá 2019 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn fún agbáwo kò sí nínú àṣà wọn. Tí ẹ bá fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á sáré tẹ̀lé yín pé ẹ gbàgbé nǹkan. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sanwó, ẹ mú ìwé kékeré tó wà lórí tábìlì dání lọ síbẹ̀.

Ariwo ẹnu ńkọ́? A ti gbọ́ pé àwọn ará Jàpáànù a máa fa oúnjẹ onókùn bíi rámẹ́ẹ̀nì, èyí tó jọ Indomie olómi, pẹ̀lú ariwo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dé orí sìpàgẹ́tì. Ojú àìmọ̀wàáhù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wo ẹni tó bá ń fà á ṣòròṣòrò. Tó bá jẹ́ igi méjì ni wọ́n fún yín, ẹ má mú ju okùn márùn-ún sí mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sókè kó yọ kúrò lára ìyókù, ẹ sì tẹ orí díẹ̀ sí àwo. Ẹni tó bá mú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ọbẹ̀ ń ta sí láyà. Fọ́ọ̀kì wà, ẹ béèrè, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Fún Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í mu ọtí: sọ́séèjì àti háàmù inú Naporitan, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, omi ọbẹ̀ wafu sì lè ní ọtí ìrẹsì nínú. Ẹ béèrè kí ẹ tó pàṣẹ.

Sísè é nílé

Ìdídì sìpàgẹ́tì tí à ń rà jẹ́ 500 gíráàmù. Ènìyàn méjì ní 200 gíráàmù ń tó. Ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún lójú, kí ẹ mú méjì. Tó bá jẹ́ ọmọkùnrin méjì tó ń ti oko bọ̀ ni, ẹ mú mẹ́ta, ẹ sì fi ìdajì kún gbogbo ohun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí. Èyí tó nípọn díẹ̀ ló yẹ Naporitan, èyí tí wọ́n kọ slim sí lára dára fún ti sóyì sọ́ọ̀sì. Ẹ má kán an sí méjì. Mo mọ̀ pé báyìí la ṣe ń ṣe é kí ìkòkò lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀kán sìpàgẹ́tì kò ṣe é yí mọ́ fọ́ọ̀kì, ó sì máa ń di gànlẹ̀-gànlẹ̀ nínú páànù. Ẹ fi í dúró nínú omi tó ń hó, láàárín ìṣẹ́jú kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, òkè á sì wọlé fúnra rẹ̀.

Omi lítà méjì ni, ìyẹn píọ́ wọ́tà 50cl mẹ́rin. Omi kékeré ló ń jẹ́ kí sìpàgẹ́tì lẹ̀ mọ́ra, kì í ṣe àìsí òróró. Òróró tí à ń dà sínú omi yẹn, orí omi ló ń léfòó sí títí a ó fi dà á nù. Iyọ̀: ṣíbí ìjẹun kan tí a fi ọwọ́ pọ́n lórí bó bá jẹ́ Naporitan, ìdajì rẹ̀ bó bá jẹ́ ti sóyì sọ́ọ̀sì. Kí ẹ tó dà á sínú asẹ́, ẹ bu ife kan nínú omi rẹ̀ pamọ́. Omi yìí tó dà bí omi ògì fífúyẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń dà nù, òun gan-an sì ni yóò so bọ́tà pọ̀ mọ́ sóyì sọ́ọ̀sì níkẹyìn.

Ní ti Naporitan, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún iye tí wọ́n kọ sára ìdídì. Ẹ jọ̀ ọ́, ẹ da omi tútù lé e lórí kó gbọn ooru dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa nínú asẹ́, kí ẹ fi ṣíbí tíì òróró kan pa á lára. Àwọn ilé kọfí Jàpáànù ń fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí omi tó wà lára rẹ̀ lè wọnú, kó sì wú. Fíríìjì ni wọ́n ń gbé e sí o. Ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, níbi tí iná NEPA ti lè lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ kó má dé mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ má gbìyànjú pé ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́jú lórí tábìlì. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ìrẹsì àti sìpàgẹ́tì sísè máa ń pọ̀ sí i nínú ooru, oró tó ń tu sílẹ̀ kì í sì í kú tí a bá tún un dín. Wákàtí méjì ni kó pẹ́ jù níta. Wákàtí kan nínú asẹ́ pẹ̀lú ìdérí lórí ti tó fún iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe.

Ohun tó kù fún ẹni méjì: àlùbọ́sà alábọ́ọ́dé ìdajì, tàtàṣé aláwọ̀ ewé kan, sọ́séèjì mẹ́rin, olú márùn-ún bó bá wà, ketchup ṣíbí ìjẹun mẹ́fà, bọ́tà ṣíbí ìjẹun kan. Ọjà Ọba ni ẹ ti máa rí àlùbọ́sà, ilé ìtajà ńlá lẹ ti máa rí sọ́séèjì àti tàtàṣé aláwọ̀ ewé tí kò bá sí lọ́jà. Tí ẹ bá fi tàtàṣé pupa rọ́pò rẹ̀, oúnjẹ náà á dùn ní ṣúgà jù. Kíkorò díẹ̀ tí ti aláwọ̀ ewé ní ló ń ba ketchup jà kó má bàa sú èèyàn. Ṣọ̀ńbọ̀ tútù aláwọ̀ ewé kan tí ẹ yọ kóró rẹ̀ kúrò lè ṣiṣẹ́ náà, àfi pé yóò ta.

Páànù fífẹ̀, iná tó lágbára. Ẹ fi òróró ṣíbí kan dín sọ́séèjì tí ẹ ti gé ní ìbú títí etí rẹ̀ á fi pọ́n, ẹ da àlùbọ́sà sí i fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà olú àti tàtàṣé fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páànù kí àárín ṣófo. Àárín yìí ni kí ẹ da ketchup sí. Ẹ má tíì da sìpàgẹ́tì sí i! Ẹ jẹ́ kí ketchup hó pọ́tọ́pọ́tọ́ fún ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní pupa fòò kó di pupa rúsúrúsú, kí ṣíbí lè fa ìlà nínú rẹ̀ kí ìlà náà má tètè pa dé. Ibí yìí gan-an ni Naporitan ti ń dùn tàbí ti ń bàjẹ́. Ketchup ní fínígà àti ṣúgà nínú; tí iná kò bá kàn án, kíkan fínígà ni ẹnu kọ́kọ́ ń gbọ́, oúnjẹ náà á sì dà bí ẹni tó fún ketchup sórí Indomie. Iná ló ń lé fínígà lọ, òun náà ló ń jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ pọ́n. Nígbà náà ni sìpàgẹ́tì máa wọlé. Ẹ yí i sókè sódò fún ìṣẹ́jú méjì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lẹ̀ mọ́ páànù. Bọ́tà ló kẹ́yìn, iná ti kú.

Tí kò bá sí ketchup, tòmátò inú agolo lè dúró fún un, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lásán. Ṣíbí ìjẹun méjì tòmátò agolo, omi ṣíbí mẹ́rin, ṣúgà ṣíbí tíì méjì, fínígà ṣíbí tíì kan, iyọ̀ fínnífínní. Ẹ dín tòmátò náà nínú òróró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó da omi sí i, bí a ṣe ń ṣe é fún ọbẹ̀, kí kíkan agolo lè lọ.

Wọ́n máa ń gbé wàràkàṣì (cheese) lílọ̀ gbígbẹ àti ata olómi Tabasco sórí tábìlì fún Naporitan. Ata gígún wa pẹ̀lú fínígà díẹ̀ ṣe bákan náà. Ní ìlú Nagoya, orí irin gbígbóná ni wọ́n ń bù ú sí, wọ́n á da ẹyin tí wọ́n ti pò yí i ká, kí irin fúnra rẹ̀ sè é. Páànù tí ẹ fi sè é lè ṣe iṣẹ́ yẹn: ẹyin méjì, ẹ dà á sí etí páànù gbígbóná, ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ó tó gan.

Ti sóyì sọ́ọ̀sì àti bọ́tà

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì rọrùn láti bà jẹ́ jù. Ohun àkọ́kọ́ ni irú sóyì sọ́ọ̀sì tí a rà. Oríṣi méjì ló pọ̀ ní ilé ìtajà. Èyí tí wọ́n kọ dark sí lára jẹ́ fún àwọ̀. Ó ki, ó dúdú, tí ẹ bá fi í se sìpàgẹ́tì yóò dà bí ẹni tó da epo ẹ́ńjìnnì sí i. Èyí tí wọ́n kọ light sí tàbí ti Jàpáànù gan-an, bíi Kikkoman, ni kí ẹ mú. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò: omi, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà, iyọ̀. Tí orúkọ mìíràn bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Ohun kejì ni iyọ̀. Sóyì sọ́ọ̀sì ti Jàpáànù ní iyọ̀ bíi 16% nínú, ìyẹn ni pé ṣíbí ìjẹun kan ti gbé iyọ̀ tó tó ìdajì ṣíbí tíì dání. Ṣíbí kan àtààbọ̀ ti tó fún 200 gíráàmù sìpàgẹ́tì. Ẹni tó bá wá fọ́ kúùbù ìsebẹ̀ méjì lé e lórí nítorí pé ọwọ́ ti mọ́ ọn lára, kó má dá sóyì sọ́ọ̀sì lẹ́bi. Ajinomoto fínnífínní lè wọ inú rẹ̀ o. Ọmọ ilé ni. Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jàpáànù, ló yọ adùn yẹn jáde láti inú kombu, ewéko òkun kan, ní 1908, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1909. Adùn Jàpáànù ti wà nínú ọbẹ̀ wa tipẹ́ láìjẹ́ pé a pè é bẹ́ẹ̀.

Kombu yìí àti ẹja tí wọ́n sè, tí wọ́n fi èéfín yan, tí wọ́n sì fá wẹ́wẹ́, ni wọ́n fi ń ṣe omi ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dashi. Ẹja yíyan kò wọ́n wa. Ẹ mú èyí tó tó ìka méjì, ẹ yọ awọ, egungun àti orí kúrò (orí ló ń korò), ẹ fi ṣíbí edé gbígbẹ kan tì í, ẹ da omi gbígbóná ìdajì ife lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìdérí, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má sè é lórí iná. Tó bá ti hó, òróró ẹja á jáde, omi á dúdú, òórùn á sì bo ti bọ́tà mọ́lẹ̀. Edé tó ń ti ọ̀nà Ìgbọ́kọ̀dá lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ wá dára fún èyí gan-an.

Olú 150 gíráàmù, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjì ńlá, ni kí ẹ fi ọwọ́ ya, kí ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ dà á sínú páànù gbígbóná láìfi òróró sí i, kí omi inú rẹ̀ jáde kó sì gbẹ, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí ẹ bá kọ́kọ́ fi bọ́tà sí i, olú á mu ún tán, á sì rọ̀ bíi kànìnkànìn. Olú inú agolo kò ní adùn púpọ̀, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ fún omi rẹ̀ kúrò. Olú inú igbó tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó wà ní Oǹdó tó fẹ́ fi ìgbín rọ́pò, ó bọ́ sí i dáadáa. Kó kọ́kọ́ sè é títí yóò fi rọ̀, kó gé e tínrín. Ìṣáwùrú náà ṣe é lò, torí ìkarawun kékeré inú òkun ni àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn ń fi sí i.

Lẹ́yìn olú, bọ́tà 10 gíráàmù àti aáyù ẹyọ kan tí ẹ ti gé. Nígbà tí aáyù bá ti ń rùn tàánná, dashi wọlé. Sìpàgẹ́tì tẹ̀lé e, èyí tí ẹ yọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kó jinná, ẹ má fi omi tútù ṣàn án rárá. Ẹ bu ṣíbí mẹ́rin sí mẹ́fà nínú omi tí ẹ fi pamọ́ sí i, kí ẹ máa yí i lórí iná. Ẹ ó rí i pé omi ìsàlẹ̀ páànù á máa ki. Ìgbà yẹn ni kí ẹ da sóyì sọ́ọ̀sì, kì í ṣe sáàárín, etí páànù ni, kó jó díẹ̀ kó tó kan sìpàgẹ́tì. Òórùn tó máa jáde nígbà yẹn ni wọ́n ń tà ní ilé oúnjẹ. Kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, torí sóyì sọ́ọ̀sì tó bá jó jù ń korò. Ẹ pa iná. Bọ́tà 10 gíráàmù tó kù wọlé, ẹ yí i kíákíá títí gbogbo rẹ̀ á fi máa dán.

Tí òróró bá yọ sọ́tọ̀ sísàlẹ̀ àwo, iná ti pọ̀ jù nígbà tí bọ́tà wọlé tàbí omi sìpàgẹ́tì kò tó. Ṣíbí omi kan, ẹ tún un yí, yóò padà. Tó bá gbẹ kan-kan, omi náà ni.

Ewé kan tó ń jẹ́ shiso ni wọ́n ń ká lé e lórí. Ẹbí kan náà ni òun àti efinrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé efinrin le ní òórùn jù ú lọ. Ewé mẹ́ta péré, ẹ ká a pọ̀ bí ẹní, ẹ rẹ́ ẹ bí irun, kí ẹ wọ́n ọn nígbà tí iná ti kú. Bí ẹ bá dà á sínú páànù, ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ ni ẹ ó máa gbóòórùn.

Àwọn kan ní Jàpáànù ń fi nátò sí i, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó wú, tó ń rùn, tó sì ń fà yọ̀ọ́. Irú kòkòrò kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú nátò àti nínú irú wa. Irú wóóró ṣíbí kan, tí ẹ ti ṣàn, ẹ dín in nínú bọ́tà fún ìlàjì ìṣẹ́jú kí aáyù tó wọlé, ẹ sì dín sóyì sọ́ọ̀sì kù sí ṣíbí kan nítorí iyọ̀ inú irú. Ẹni tí kò bá fẹ́ irú pẹ̀lú bọ́tà, kó tó ta kò ó, kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ti ẹyin ẹja

Tarako àti mentaiko, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ata sí, ẹyin ẹja pollock tí wọ́n ti fi iyọ̀ pamọ́ ni, wọn kì í sì í sè é. Ooru sìpàgẹ́tì ló ń pa á lára. Ẹyin ẹja odò tàbí ẹja ọ̀sìn tí à ń rà lọ́jà kò yẹ ní jíjẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ pa 100 gíráàmù ẹyin ẹja lára, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi ooru omi sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí à ń se mọ́ínmọ́ín, kó jinná dé inú. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Nínú abọ́, kì í ṣe páànù, ẹ po ìdajì rẹ̀ mọ́ bọ́tà 20 gíráàmù tó ti rọ̀, omi sìpàgẹ́tì ṣíbí méjì àti ata gígún díẹ̀, ẹ da sìpàgẹ́tì gbígbóná lé e, ẹ pò ó. Tí ẹ bá gbé e padà sórí iná, ẹyin á gan bí iyanrìn. Nori, ewéko òkun gbígbẹ dúdú, ló yẹ orí rẹ̀; àlùbọ́sà eléwé rọ́pò rẹ̀ láìsí ìjà.

Èyí tó bá ṣẹ́kù: ti sóyì sọ́ọ̀sì kì í dùn mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ sè é níwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán. Naporitan yàtọ̀. Tí fíríìjì bá ní iná, ọjọ́ kejì ló tilẹ̀ ń jinlẹ̀ lẹ́nu. Ẹ fi omi ṣíbí méjì gbé e kaná nínú páànù títí yóò fi máa yọ èéfín, ẹ la búrẹ́dì gígùn ní àárín láìgé e já, ẹ fi bọ́tà pa á nínú, ẹ kì í sínú rẹ̀ kó kún. Àwọn ilé búrẹ́dì Jàpáànù ń tà á bẹ́ẹ̀ gan-an. Kí búrẹ́dì má jẹ́ tòní. Ti àná tó ti gan díẹ̀ kì í fọ́ nígbà tí omi ketchup bá kàn án.